Ọgbà Omi Bí Ti Zen Nílé: Ẹ Kọ́kọ́ Yan Ibi Tí Ẹ Ó Máa Jókòó Sí

Ìbéèrè: Ìyá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ kọ̀wé pé àwọn ní àyè kan lẹ́yìn ilé, tó gùn ní mítà 5, tó sì fẹ̀ ní mítà 4, èyí tí fèrèsé yàrá ìgbàlejò àwọn kọjú sí. Wọ́n fẹ́ sọ ọ́ di ọgbà omi tí ọkàn ti lè sinmi, irú èyí tí ó wà ní àwọn tẹ́ḿpìlì Zen, ẹ̀ka kan nínú ẹ̀sìn Búdà, ní Jàpáànì. Ohun tí wọ́n ní lọ́kàn ni adágún kékeré kan, omi tí yóò máa já bọ́ láti ibi gíga, ẹja koi (ẹja aláràbarà tí àwọn ará Jàpáànì ń sìn fún ẹwà), afárá pupa, ọparun tó máa ń kan òkúta, àti iná aláràbarà lábẹ́ omi. Wọ́n ń bẹ̀rù ẹ̀fọn, wọ́n ń bẹ̀rù kí omi má di aláwọ̀ ewé, ọmọ-ọmọ wọn tó jẹ́ ọmọ ọdún 3 sì máa ń wá lo ìsinmi lọ́dọ̀ wọn. Wọ́n béèrè ibi tó yẹ kí àwọn ti bẹ̀rẹ̀.

Ìdáhùn:

Mà, kí ẹ tó gbẹ́ ilẹ̀, kí ẹ sì tó ra òkúta kan ṣoṣo, ẹ kọ́kọ́ yan ibi tí ẹ ó máa jókòó sí wo ọgbà náà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń fi adágún bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á gbẹ́ ẹ sí àárín ilẹ̀, ìgbà tí iṣẹ́ bá parí tán ni wọ́n á ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá ibi tí wọn yóò ti wò ó. Àwọn àlùfáà Zen kò ṣe é bẹ́ẹ̀. Púpọ̀ nínú ọgbà tẹ́ḿpìlì wọn ni wọ́n ṣe fún ẹni tó jókòó sójú kan, ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ onípákó tàbí nínú yàrá tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí sílẹ̀, wọ́n sì to òkúta àti igi gẹ́gẹ́ bí yóò ti rí lójú ẹni náà. Ẹ̀yin ti ní fèrèsé tiyín. Ẹ gbé àga síwájú rẹ̀, kí ẹ jókòó síbẹ̀ láàárọ̀, lọ́sàn-án àti ní ìrọ̀lẹ́, kí ẹ kíyè sí ibi tí oòrùn ń dé, iye wákàtí tó ń lò níbẹ̀, àti ohun tí ojú yín kọ́kọ́ ń bá pàdé.

Lẹ́yìn èyí, ẹ tẹ́ dígí ńlá kan sílẹ̀ níbi tí ẹ rò pé omi yóò wà, kí ẹ padà sí ìjókòó yín. Ohun tí ẹ bá rí nínú dígí náà ni omi yóò máa fi hàn yín lójoojúmọ́. Bí ó bá jẹ́ ojú ọ̀run àti ewé igi, ibẹ̀ dára. Bí ó bá jẹ́ okùn ìsáṣọ tàbí ògiri tí ọ̀dà rẹ̀ ti ṣí, ẹ sún dígí náà síwá sẹ́yìn títí ẹ ó fi rí ibi tó wuni, kí ẹ sì fi èèkàn sàmì síbẹ̀. Iṣẹ́ yìí kò náni lówó, síbẹ̀ òun ló ń pinnu gbogbo èyí tó kù.

Ó yẹ kí n sọ̀rọ̀ díẹ̀ nípa ibi tí irú ọgbà yìí ti wá, nítorí ó máa ràn yín lọ́wọ́ láti mọ ohun tí ẹ ó fi sílẹ̀. Èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ sí ọgbà Zen ni ọgbà gbígbẹ, níbi tí òkúta wẹ́wẹ́ tí a fi réèkì fà lójú ti ń dúró fún omi. Èyí tó lókìkí jù nínú wọn wà ní tẹ́ḿpìlì Ryōan-ji ní ìlú Kyoto. Òkúta 15 ló wà nínú rẹ̀, wọ́n sì tò wọ́n débi pé ibi yòówù kí ènìyàn jókòó sí ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà, ó kéré tán, ọ̀kan yóò fara pamọ́ fún un. Ṣùgbọ́n omi gidi náà ní ipò tirẹ̀. Ní Kyoto kan náà, ní tẹ́ḿpìlì Tenryū-ji tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1339, adágún kan wà tí a gbà pé Musō Soseki, àlùfáà Zen tó kọ́kọ́ jẹ́ olórí níbẹ̀, ló ṣètò rẹ̀. Iná ti jó àwọn ilé tẹ́ḿpìlì náà léraléra, síbẹ̀ ìrísí adágún náà kò parẹ́. Ẹni tó bá jókòó níwájú rẹ̀ yóò rí àwọn òkè Arashiyama lẹ́yìn omi bí ẹni pé ara ọgbà ni wọ́n, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni kò gbìn wọ́n síbẹ̀.

Ohun méjì ni mo fẹ́ kí ẹ mú nínú àpẹẹrẹ wọ̀nyí. Èkíní, ẹ má ṣe jẹ́ kí ojú rí gbogbo ọgbà tán lẹ́ẹ̀kan náà. Kí ìpẹ̀kun omi yín kọrí sẹ́yìn igi kékeré kan tàbí òkúta kan, kí ojú má mọ ibi tó parí sí. Èkejì, ẹ yá ohun tó dára tó wà ní ìta lò. Bí igi aládùúgbò yín bá ń yọ orí lókè ọgbà, tí ó sì rẹwà, ẹ má fi ewéko gíga dí i.

Èyí ló mú mi dé orí àwọn ohun tí ẹ kọ sílẹ̀. Mà, púpọ̀ nínú wọn ni mo fẹ́ kí ẹ yọ. Afárá pupa lórí omi tí kò fẹ̀ tó mítà 2 yóò jẹ́ kí omi náà dà bí omi inú àwo lásán, nítorí ojú yóò fi afárá wọ̀n ọ́n. Bí ẹ bá nílò ohun tí ẹ ó fi kọjá, òkúta pẹlẹbẹ kan tó. Iná aláràbarà lábẹ́ omi ń pa àwòrán ojú ọ̀run tí omi yẹ kó gbé, ó sì ń fi ẹrọ̀fọ̀ ìsàlẹ̀ hàn. Iná kékeré kan ṣoṣo tí ó rọlẹ̀, tí ó kọjú sí òkúta tàbí igi, ni ẹ nílò. Ọparun tó máa ń kún fún omi tí yóò sì fi ìdí kan òkúta, ohun tí àwọn àgbẹ̀ Jàpáànì ń lò láti lé ẹranko kúrò lóko ni kó tó di ohun ọgbà. Ó lẹ́wà ní ọgbà tó fẹ̀, níbi tí ìró rẹ̀ ti ń wá láti ọ̀nà jíjìn. Lábẹ́ fèrèsé yàrá ìgbàlejò, tí ó ń kan gbàgà ní gbogbo ìgbà tó bá ti kún, yóò sú yín, yóò sì sú àwọn aládùúgbò. Ọ̀rọ̀ ẹja koi àti ti omi tó ń já bọ́, mo ń bọ̀ lórí wọn.

Ọ̀rọ̀ ọmọ-ọmọ yín ló wúwo jù lọ́kàn mi. Omi tí kò jìn ju sẹ̀ǹtímítà mélòó kan lọ lè gba ẹ̀mí ọmọ kékeré, ó sì lè ṣẹlẹ̀ láìsí ariwo kankan. Àwọ̀n oníke tí a nà sójú omi kì í ṣe ààbò, nítorí yóò tẹ̀ wọlé lábẹ́ ọmọ, ó sì tún lè dì í mú. Àwọ̀n irin líle tí wẹ́dà jó pọ̀, tí ó lè gbé ọmọ láìtẹ̀, tí ó sì wà lókè ojú omi díẹ̀, ni ààbò tòótọ́ fún adágún. Ṣùgbọ́n adágún tí irin bò lójú kò lè dà bí dígí mọ́, ìdí tí ẹ fi fẹ́ ẹ sì ti bàjẹ́ nìyẹn. Nítorí náà, ìmọ̀ràn mi ni kí ẹ pín iṣẹ́ náà sí ìpele méjì. Ní báyìí, ẹ ṣe àwo omi olókùúta tí omi rẹ̀ ń fara pamọ́ sábẹ́ ilẹ̀. Nígbà tí ọmọ náà bá ti dàgbà tó, tí ó ti mọ omi í wẹ̀, ẹ lè wá ṣí adágún sí iwájú àwo náà. Ohun tí ẹ bá ṣe lónìí kò ní ṣòfò.

Àwo olókùúta yìí, tsukubai ni wọ́n ń pè é ní Jàpáànì, jẹ́ ohun ọgbà ilé tíì. Àlejò a lóṣòó níwájú rẹ̀, a fọ ọwọ́ àti ẹnu kó tó wọlé. Ìdí nìyí tí ó fi máa ń rẹlẹ̀, tí òkúta pẹlẹbẹ fi máa ń wà níwájú rẹ̀ fún ẹsẹ̀. Bí ẹ ó ti ṣe tiyín nìyí. Ẹ gbẹ́ ihò, kí ẹ ri táǹkì oníke tó lágbára mọ́ inú rẹ̀. Bí táǹkì náà bá gùn ní sẹ̀ǹtímítà 60, tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 60, tó sì jìn ní sẹ̀ǹtímítà 50, yóò gba lítà 180, ìyẹn sì tó. Pọ́ǹpù kékeré yóò jókòó sínú rẹ̀. Ẹ fi àwọ̀n irin líle bo ẹnu táǹkì náà pátápátá, kí etí àwọ̀n náà jókòó sórí ilẹ̀ líle yíká, kí ẹ wá da òkúta wẹ́wẹ́ odò lé e lórí. Ẹ gbé àwo olókùúta lé ìpìlẹ̀ bíríkì tàbí kọnkéré, nítorí ó máa ń wúwo. Ẹ má gbé e lé orí àwọ̀n lásán. Pọ́ǹpù yóò gbé omi gba inú páìpù tó fara pamọ́ sínú ọparun, omi yóò kán sínú àwo, yóò kún dé ẹnu, yóò sì máa ṣàn sílẹ̀ láti etí rẹ̀ padà sínú táǹkì. Kí omi inú àwo má baà jìn, ẹ kó òkúta wẹ́wẹ́ sínú rẹ̀ dé nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 1 sí ẹnu. Bí ó tilẹ̀ rí bẹ́ẹ̀, kí àgbàlagbà kan máa wà pẹ̀lú ọmọ náà nígbàkúùgbà tí ó bá wà ní ẹ̀yìnkùlé.

Bí ẹ bá fẹ́ kí ìró omi yín ṣọ̀wọ́n, ohun kan wà tí mo fẹ́ràn gidigidi, tí àwọn oníṣẹ́ ọgbà ní Jàpáànì ń ri mọ́lẹ̀ nítòsí irú àwo yìí láti ìgbà Edo, ìyẹn láàárín 1603 sí 1868. Ìkòkò amọ̀ ńlá kan ni wọ́n máa ń dojú rẹ̀ délẹ̀, tí wọ́n á lu ihò kékeré sí ìdí rẹ̀, èyí tó ti wá di òkè báyìí. Wọ́n á ri í mọ́lẹ̀, wọ́n á fi òkúta wẹ́wẹ́ bo orí rẹ̀, omi tó bá ṣàn láti inú àwo yóò sì máa kán gba ihò náà bọ́ sínú omi díẹ̀ tó wà nísàlẹ̀. Inú ìkòkò náà ló ń gba ìró yẹn, tí ó sì ń dún gbọnrangandan bí agogo kékeré láti inú ilẹ̀. Páìpù kan gbọ́dọ̀ wà nísàlẹ̀ tí yóò máa kó omi tó bá pọ̀jù lọ, nítorí bí omi bá kún inú ìkòkò, ìró rẹ̀ yóò kú. Ẹ yan ìkòkò tí iná jó dáadáa. Ẹ fi ìka kàn án, bí ó bá dún kedere, ó dára, bí ó bá dún bọ̀kọ̀, ẹ fi sílẹ̀. Kí ẹ tó ri í, ẹ dán an wò lórí ilẹ̀, kí ẹ máa fi omi ìsàlẹ̀ kún tàbí kí ẹ máa dín in kù díẹ̀díẹ̀ títí ìró tí ẹ fẹ́ yóò fi jáde.

Nígbà tí àkókò adágún bá tó, ẹ má gbẹ́ ẹ sí abẹ́ igi ńlá, nítorí ewé tó bá bọ́ sínú omi yóò jẹrà, gbòǹgbò yóò sì dá ìsàlẹ̀ rẹ̀ lu. Ẹ má sì gbẹ́ ẹ sí ibi tó rẹlẹ̀ jù nínú ọgbà, níbi tí àgbàrá yóò ti máa wọ́ ilẹ̀dú àti ajílẹ̀ wọnú rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ wádìí bóyá páìpù tàbí wáyà iná gba abẹ́ ilẹ̀ náà kọjá. Fún àyè tiyín, adágún tó gùn ní mítà 2.4, tó fẹ̀ ní mítà 1.6, tó sì jìn ní sẹ̀ǹtímítà 50 yóò bá a mu, kí pẹpẹ kan sì wà létí rẹ̀ tó jìn ní bíi sẹ̀ǹtímítà 25 fún ewéko etí omi. Ẹ jẹ́ kí etí rẹ̀ máa tẹ̀ wọlé, kí ó máa tẹ̀ jáde díẹ̀, láìṣe roboto, láìṣe onígun mẹ́rin.

Rọ́bà EPDM tó nípọn ní mìlímítà 1 ni mo máa ń dámọ̀ràn fún ìsàlẹ̀, èyí tó dúdú, nítorí òkùnkùn ìsàlẹ̀ ló ń jẹ́ kí ojú omi gbé àwòrán. Láti mọ ìwọ̀n rẹ̀, ẹ mú gígùn adágún, ẹ fi jíjìn rẹ̀ lọ́nà méjì kún un, kí ẹ sì fi sẹ̀ǹtímítà 30 kún un ní ìpẹ̀kun kọ̀ọ̀kan. Bákan náà ni ẹ ó ṣe fún fífẹ̀. Fún ìwọ̀n tí mo dárúkọ yìí, rọ́bà náà yóò jẹ́ mítà 4 sí mítà 3.2. Ẹ ṣa gbogbo òkúta mímú àti gbòǹgbò kúrò, ẹ da iyanrìn sílẹ̀, kí ẹ tẹ́ aṣọ nípọn lé e kí rọ́bà tó balẹ̀.

Kò sí ibi tí ó yẹ kí ẹ ti ní sùúrù tó ibi etí adágún. Omi kì í ṣègbè: bí ẹ̀gbẹ́ kan bá fi sẹ̀ǹtímítà 3 ga ju èkejì lọ, rọ́bà dúdú yóò yọjú ní ẹ̀gbẹ́ tó ga títí láé, omi yóò sì máa ṣàn dànù ní ẹ̀gbẹ́ tó rẹlẹ̀. Kí bíríkìlà tó mọ̀ nípa lẹ́fẹ́lì wọ̀n ọ́n yíká kí ẹ tó tẹ́ ohunkóhun. Ẹ tún rí i pé etí rọ́bà náà dìde dúró lẹ́yìn àwọn òkúta etí omi, kí erùpẹ̀ má kan omi ní ibì kankan. Bí erùpẹ̀ bá ti kan omi, yóò máa fà á mu díẹ̀díẹ̀, ẹ ó sì rò pé rọ́bà náà ti jò.

Òkúta ni egungun ọgbà yìí. Irú kan náà ni kí gbogbo wọn jẹ́, kí ilà ara wọn sì kọjú sí ọ̀nà kan náà. Ẹ má tò wọ́n yí omi ká ní ìwọ̀n kan náà bí ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn. Àṣìṣe yìí wọ́pọ̀ ju gbogbo àṣìṣe yòókù lọ, òun ló sì tètè ń ba ìsinmi ojú jẹ́. Ẹ yan òkúta ńlá kan tí ìrísí rẹ̀ wù yín, ẹ gbé e kalẹ̀ ṣáájú, kí ẹ padà sórí àga yín lọ wò ó. Lẹ́yìn náà ni ẹ ó wá òkúta kejì tó rẹlẹ̀ jù ú lọ, àti ẹ̀kẹta tó tẹ́ pẹrẹsẹ. Ó kéré tán, kí ìdá kan nínú mẹ́ta ara òkúta kọ̀ọ̀kan wọlẹ̀, kí ó lè dà bí ohun tó ti wà níbẹ̀ kí ilé yín tó dé. Ní àwọn ibì kan, ẹ jẹ́ kí etí omi ṣófo. Ẹ má ṣe wá ohun tí ẹ ó fi dí i.

Ní ti omi tó ń já bọ́, sẹ̀ǹtímítà 15 sí 30 tó fún gíga rẹ̀. Èyí tó bá ga ju bẹ́ẹ̀ lọ ní àyè kékeré yóò máa hó, ògiri ilé yóò sì máa dá ariwo rẹ̀ padà. Omi tó bọ́ sínú omi jíjìn máa ń ní ohùn tó wúwo. Èyí tó bọ́ sórí òkúta pẹlẹbẹ máa ń ní ohùn tó fẹ́lẹ́. Fún gbogbo sẹ̀ǹtímítà 1 tí ẹnu ìtújáde omi bá fẹ̀, ẹ nílò bíi lítà 150 ní wákàtí kan kí omi tó lè bọ́ bí aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́. Ẹnu tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 10 yóò gba lítà 1,500. Ẹ má gbàgbé pé iye tí wọ́n kọ sára pọ́ǹpù ni iye tó ń fà nígbà tí kò gbé omi lọ sókè, nítorí náà ẹ wo iye tó lè fà ní gíga tiyín. Ẹ fi fáàfù sí ojú páìpù, kí ẹ sì tún ohùn náà ṣe ní alẹ́, nígbà tí gbogbo àdúgbò bá ti dákẹ́. Oníṣẹ́ iná mànàmáná tó gba ìwé àṣẹ ni kó so pọ́ǹpù náà, sí ojú iná tó ní ẹ̀rọ ààbò tí ń já iná fúnra rẹ̀ bí iná bá fẹ́ jò sínú omi, èyí tí wọ́n ṣe láti já ní mìlíámpù 30.

Omi aláwọ̀ ewé kò gbọdọ̀ bà yín lẹ́rù. Àwọn ohun ẹlẹ́mìí wíntín-wíntín tí oòrùn àti oúnjẹ inú omi ń bọ́ ló ń sọ ọ́ di bẹ́ẹ̀. Adágún tuntun fẹ́rẹ̀ẹ́ máa ń rí bẹ́ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ẹni tó bá sì ń da omi náà nù lójoojúmọ́ tí ó ń rọ òmíràn sí i, oúnjẹ tuntun ló ń fún wọn. Ẹ ní sùúrù, kí ẹ jẹ́ kí ewé òṣíbàtà bo ìdajì sí ìdá méjì nínú mẹ́ta ojú omi. Òṣíbàtà ń fẹ́ bíi wákàtí 6 oòrùn lójúmọ́, kò sì fẹ́ kí omi máa ta sí òun lára, nítorí náà ẹ gbìn ín jìnnà sí ibi tí omi ti ń já bọ́. Amọ̀ tó wúwo, tí kò ní ajílẹ̀, ni kí ẹ fi gbìn ín sínú agbọ̀n, kí ẹ fi òkúta wẹ́wẹ́ bò ó lójú. Ẹ yẹra fún ojú oró, bó ti wù kó lẹ́wà tó. Ó ń tàn kálẹ̀ kíákíá, ó sì ń di wàhálà bí ó bá dé inú odò.

Ẹ̀fọn kì í fẹ́ yé ẹyin sí ojú omi tó ń mì. Ibi tó dákẹ́ ni ewu wà: kọ̀rọ̀ adágún, àwo ìgbòdòdó, inú táǹkì nígbà tí pọ́ǹpù bá dá iṣẹ́ dúró. Nígbà tí ooru bá mú, ẹyin lè di ẹ̀fọn láàárín ọjọ́ 7 sí 10, nítorí náà ẹ máa yẹ gbogbo ibẹ̀ wò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Bí ẹ bá rí tanwíjí, oògùn kan wà tí a fi kòkòrò àrùn Bti ṣe, tí ń pa wọ́n láìpa ẹja lára.

Ẹja koi kò yẹ fún ọgbà yìí. Ó lè gùn ju sẹ̀ǹtímítà 60 lọ, ó ń fẹ́ omi tó jìn ju mítà 1 lọ, ìgbẹ́ rẹ̀ sì ń béèrè asẹ́ ńlá. Ẹja kékeré méjì tàbí mẹ́ta tó fún yín, wọ́n á sì bá yín jẹ tanwíjí. Ẹ má kó wọn sínú omi ẹ̀rọ tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ, nítorí chlorine inú rẹ̀, oògùn tí àwọn olómi fi ń pa kòkòrò inú omi, yóò pa wọ́n; ẹ kọ́kọ́ dá omi náà dúró kí chlorine náà fò lọ. Bí ó bá jẹ́ chloramine, irú oògùn bẹ́ẹ̀ tí kì í tètè fò lọ, ni àwọn olómi ń lò, dídá omi náà dúró nìkan kò tó, ẹ gbọ́dọ̀ fi oògùn tí ń pa á sí i. Ọ̀sẹ̀ 4 sí 6 ni àwọn kòkòrò àìfojúrí tó ń sọ àmónià inú ìgbẹ́ ẹja di ohun tí kò léwu máa ń lò kí wọ́n tó pọ̀ tó. Ẹ fi ẹja kan ṣoṣo bẹ̀rẹ̀, ẹ máa fún un ní oúnjẹ tó lè jẹ tán láàárín ìṣẹ́jú 2, kí ẹ sì máa fi ìwé ìdánwò omi yẹ àmónià àti nitrite (ohun olóró tí àmónià kọ́kọ́ ń dà) wò. Nígbà tí méjèèjì bá ti dúró sí òfo fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko, ẹ lè mú àwọn yòókù wọlé.